Enid Oxtoby àti Àlùfáà Tí Wọ́n Fi Iyọ̀ Ra

Ní abúlé Skelthorpe, bí o bá fẹ́ pa gbogbo ilé ọtí lẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà, ṣáà béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí àlùfáà kékeré ilé Oxtoby. Títí di òní, ẹni tó bá ń mu nǹkan lọ́wọ́ á kọ́kọ́ gbé ife sílẹ̀ ná, kó má baà pá a lórí.

Olóògbé Enid Oxtoby ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan báyìí tí òjò ń rọ̀, nínú gbọ̀ngàn abúlé, lójú gbogbo ayé. Ó ti lẹ ìwé mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì tipẹ́ pé òun máa sọ̀rọ̀ lórí bí àwọn baba ńlá Oxtoby ṣe gbé láyé Ọbabìnrin Fitóríà, gẹ́gẹ́ bí àwọn fúnra wọn ṣe kọ ọ́ sínú lẹ́tà àti ìwé ojoojúmọ́ wọn. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn baba ńlá ẹnikẹ́ni o. Tíì àti kéèkì ọ̀fẹ́ wà níbẹ̀, àti pé olùkọ́ ni Enid tẹ́lẹ̀ rí, òun ló kọ́ ìdajì abúlé ní ìṣirò. Bó bá pè ọ́ tí o kò lọ, lójú ọjà ló ti máa bi ọ́ ní ìdí tí o kò fi wá.

Lẹ́tà tó fẹ́ kà ni èyí tí Keziah Oxtoby kọ sí àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Whitby. Láyé ìgbà yẹn, ìwé ìkọ̀wé wọ́n, owó ìfìwéránṣẹ́ náà kì í ṣe kékeré. Nítorí náà, bí ènìyàn bá kọ̀wé kún ojú ewé kan, kì í mú òmíràn. Á yí ìwé náà sí ìbú ni, á sì máa kọ ìyókù gba orí èyí tó ti kọ tẹ́lẹ̀ kọjá, títí ewé náà á fi dà bí apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n hun. Gbogbo ìgbà òtútù ọdún náà ni Enid fi dojú kọ apẹ̀rẹ̀ yìí, pẹ̀lú awò tí í sọ kékeré di ńlá. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun wò ó. Ó ní òun mọ ọwọ́ ìkọ̀wé Keziah bí ẹni mọ ọwọ́ ìyá rẹ̀.

Ó húkọ́ díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

"'Àbúrò mi ọ̀wọ́n, àlùfáà kékeré tuntun náà ti dé sọ́dọ̀ wa. Ẹni dáadáa ni, ó sanra, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì pọ́n rẹ́rẹ́.'"

Fíkà, àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì abúlé, tó jókòó níwájú pátápátá, rẹ́rìn-ín músẹ́.

"'Ọkùnrin mẹ́ta ló dì í mú. Ó ké, ó ké, títí àwọn ará ilé kejì fi sáré dé.'"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Fíkà.

"'A fi iyọ̀ ra á tinú tẹ̀yìn, a sì gbé e kọ́ sókè ààrò kí èéfín lè máa fẹ́ sí i. Ọkọ mi ti tọ́ ọ wò. Ó ní látọjọ́ tí òun ti dáyé, òun ò jẹ irú rẹ̀ rí.'"

Ife já bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan. Wilf alápatà, tó wà lẹ́yìn pátápátá, ló kọ́kọ́ rí ohùn.

"Wọ́n jẹ àlùfáà?"

Enid bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ohun tí mo bá nínú ìwé ni mo kà, Wilf. Ó dun èmi náà. Ṣùgbọ́n ọdún yẹn le."

Hilary, tí í ṣe ọmọ Ralph ẹ̀gbọ́n Enid, wà ní ìlà kejì, ó ń bẹ ilẹ̀ kó lanu. Nígbà tí ilẹ̀ kò lanu, ó dìde, ó lọ gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i sí ìbú. Ibẹ̀ ni àlùfáà wà, ara rẹ̀ le koko, ó ń mu tíì, ó ń yin yàrá àlejò Keziah. Orí rẹ̀ gan-an ni wọ́n kọ ti ẹlẹ́dẹ̀ sí.

"Àǹtí," ó sọ ọ́ sí i létí, "ojú yín yà ní ìkóríta. Ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n pa."

Enid wo ìwé náà, ó wò ó, ó tún wò ó. Gbogbo ènìyàn ń retí. Ẹlòmíràn ìbá tọrọ àforíjì. Enid gbé orí sókè.

"Ẹ̀bi Keziah ni," ló wí. "Ká ní kì í ṣe ahun, kó mú ìwé kejì, kò sí ohun tí ì bá ṣe àlùfáà yẹn."

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá pe Fíkà wá jẹun nílé Oxtoby, á kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n sè.

Bí Enid ṣe rí nìyẹn. Obìnrin gíga, gbígbẹ, tí í wọ bàtà òjò lọ síbi gbogbo àfi ṣọ́ọ̀ṣì. Kò lọ́kọ, kò bímọ, kò sì ní àga tí èèyàn lè jókòó lé nínú ilé rẹ̀, nítorí àpótí lẹ́tà ló wà lórí gbogbo wọn. Bí Hilary bá wá kí i, orí ìdúró ló máa wà títí.

"Àǹtí, níbo ni kí n jókòó?"

"Jókòó lé Septimus. Ṣùgbọ́n má fẹ̀yìn ti Keziah, igun rẹ̀ ti ya."

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ wọn nìyẹn, bí ẹni pé yàrá kejì ni wọ́n wà tí wọ́n ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, á ní Septimus, ọkọ Keziah, kò ní fẹ́ràn irú èyí. Bí ó bá ka ohun tó bí i nínú, á ní òun ò bá Keziah sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, àfi tó bá yí ìwà padà. Keziah ti kú láti ayé ìgbà tí kò tíì sí mọ́tò, ìwà wo ló tún fẹ́ yí padà?

Ohun kan wà tí gbogbo abúlé mọ̀ tí wọn kì í sọ sókè: Enid kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ Oxtoby. Ọmọ ìlú Hull ni. Nígbà ogun Hítílà, tí bọ́ǹbù ń rọ̀ lé Hull lórí, wọ́n kó àwọn ọmọdé sínú ọkọ̀ ojú irin wá sí àwọn abúlé, wọ́n so páálí pélébé tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí mọ́ wọn lọ́rùn. Ìyá Ralph ló mú Enid. Ogun parí, àwọn òbí wá kó ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó wá mú Enid. Bọ́ǹbù ti gbá ilé wọn lọ, àtìyá, àti bàbá, àti fọ́tò ara ògiri. Àwọn Oxtoby ní kó máa bá àwọn gbé. Wọ́n fi orúkọ wọn sí i nílé-ìwé, kò sì sẹ́ni tó tún béèrè ìwé kankan lọ́wọ́ wọn.

Ẹ ò rí i bí ayé ṣe rí? Ẹni tó ń ka lẹ́tà òkú ilé àwọn ẹlòmíràn látàárọ̀ dalẹ́, kò ní lẹ́tà ẹyọ kan ṣoṣo láti ilé tirẹ̀. Ó máa ń dun Hilary, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Enid ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni káàánú òun rí.

Ohun kan ṣoṣo ni Enid fẹ́ láyé: kí wọ́n sin òun mọ́ àwọn Oxtoby. Nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ibojì ìdílé Oxtoby wà níbẹ̀, èyí tí Septimus rà tó sì fi bíríkì mọ nínú. Septimus wà níbẹ̀, Keziah wà níbẹ̀, àwọn ọmọ wọn àti ọmọ ọmọ wọn wà níbẹ̀. Ó ku àyè ẹnì kan. Ọgbà náà ti kún, wọn kì í gbẹ́ ibojì tuntun síbẹ̀ mọ́. Ẹni tí kò bá ní ti ìdílé, ìtẹ́ òkú ìlú lẹ́bàá títì mọ́tò ló ń lọ, láàárín àwọn tí kò mọ̀ rí. Àyè kan tó kù yìí, ti Neville ni. Àbúrò bàbá Ralph ló bí Neville, ọdún kan báyìí ni Enid fi jù ú lọ, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí Ralph ti kú, Neville ni àgbà nínú àwọn ọmọ ẹ̀jẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ibojì náà wà.

Ọjọ́ Sátidé ni Enid máa ń lọ tu koríko ibẹ̀. Hilary bá a lọ lọ́jọ́ kan.

"Àǹtí, ẹ ò ṣe béèrè lọ́wọ́ Bàbá Neville?"

"Kí n béèrè kí ni?"

"Ẹ mọ ohun tí mò ń sọ."

"Koríko ni mo wá tu," Enid dáhùn. "Na ọkọ́ yẹn sí mi."

Neville, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Àgbẹ̀ ọ̀dùnkún ni, ó sanra, ó lágídí, kò sì gba ohunkóhun gbọ́ àfi ohun tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ wú látinú ilẹ̀. Òun àti Enid ti ń bá ara wọn jà láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní ṣòkòtò péńpé. Ìgbà kan Enid ka ìwé ojoojúmọ́ Septimus sí i létí, níbi tí Septimus ti kọ ọ́ pé: "Mo gbé tòlótòló méjì lọ sọ́jà Driffield láàárọ̀ yìí, mo fẹsẹ̀ rìn lọ, mo fẹsẹ̀ rìn bọ̀, mo sì délé kí n tó jẹun àárọ̀."

"Irọ́!" ni Neville wí. "Septimus ò gbé tòlótòló lọ ibì kankan. Ẹnu ló gbé lọ."

"O pe òkú ní onírọ́?"

"Mo pè é. Kó jí dìde kó wá bá mi ṣẹjọ́."

Septimus ò jí dìde, ṣùgbọ́n Enid jí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó ti yá tòlótòló méjì lọ́wọ́ Wilf, ó fi ọ̀kan há abíyá ọ̀tún, ó fi ọ̀kan há abíyá òsì, ó gbọ̀nà Driffield. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún nígbà náà o. Èyí tó wà lọ́tùn-ún ń ṣá a létí láti abúlé títí dé orí òkè. Èyí tó wà lósì sùn, ó sì wúwo bí àpò ọ̀dùnkún. Nígbà tó fi máa débẹ̀, àwọn ọlọ́jà ti ń palẹ̀ mọ́. Bọ́ọ̀sì ló ní kí òun wọ̀ padà, ni awakọ̀ bá na ọwọ́ dí i lọ́nà.

"Ìyá, ẹ ò lè gbé ẹyẹ wọ bọ́ọ̀sì."

"Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ṣé ó ń sanwó?"

"Rárá, ọ̀fẹ́ ni."

"Èyí ò tíì pé ọdún kan. Èkejì kéré sí i. Kúrò lọ́nà."

"Ìyá! Tòlótòló ni wọ́n!"

"Mo gbọ́. Níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí níbí pé ọmọ ta ni?"

Awakọ̀ yíjú wo páálí òfin tí wọ́n kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. Àwọn èrò ti ń fi aṣọ bo ẹnu. Nígbà tó yá, ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ lọ jókòó lẹ́yìn. Ẹ sì kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má pariwo."

Neville ti ká apá gbera dúró dè é níbi tí bọ́ọ̀sì ń já èrò sí. Ọjọ́ ti rọ̀, ìyẹ́ tòlótòló wà lórí Enid, etí rẹ̀ ọ̀tún wú.

"Ó dáa," ni Neville wí, "Septimus purọ́ àbí kò purọ́?"

"Kò purọ́," Enid dáhùn, ó ń kọjá lọ. "Kò ṣáà sọ ìgbà tó jẹun àárọ̀ náà."

Ìjà wọn tó le jù ni ti àpótí orí àjà. Neville ní àpótí lẹ́tà kan lókè àjà rẹ̀, èyí tí ìyá ìyá rẹ̀ àgbà fi sílẹ̀. Enid ń wá a bí ẹni wá omi. Neville ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i, ó nídìí. Ẹni tí ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá ni Jabez ọmọ Septimus, tí í ṣe bàbá bàbá àgbà rẹ̀. Gbogbo Skelthorpe ló mọ̀ pé Jabez sá fi ìyàwó rẹ̀ Hannah sílẹ̀ lọ́jọ́ tó ń rọbí. Tọkọtaya náà jà láàárọ̀, Jabez jáde, kò padà wá mọ́ títí ayé. Hannah fi tàdáwà dúdú pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú Bíbélì ilé. Ọ̀rọ̀ náà di òwe lẹ́nu ará abúlé: bí ọkùnrin bá ń jáde lọ, ìyàwó rẹ̀ á ní, "Má ṣe mí ní Jabez o." Nígbà tí Neville wà nílé-ìwé, bí ó bá sá eré ìje, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa pariwo pé, "Jabez! Jabez! Ó tún ti ń sá lọ!" Ìdí nìyẹn tí baba ńlá ò fi wù ú.

Enid mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ò lè mú un, àfi ogun. Ó wo inú ìwé Keziah, ó rí bí wọ́n ṣe ń ṣe kéèkì kan oníhóró, ó yan án, ó gbé e lọ bá Neville lọ́jọ́ Ìsinmi. Kéèkì náà le, ó korò, hóró inú rẹ̀ ń há sí eyín bí òkúta wẹ́wẹ́. Ajá Neville gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dìde, ó lọ sùn síta nínú òjò.

"Kí ni èyí?"

"Kéèkì Keziah. Jẹ ẹ́, kó o fún mi ní àpótí."

"Mi ò fún ẹ."

"Kò burú. Mo tún ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ pẹ̀lú òmíràn."

Ó sì ń bọ̀ lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ dé, kéèkì dé. Neville ò lè lé e, nítorí wọn kì í lé ẹni tó gbé oúnjẹ wá, bẹ́ẹ̀ ni kò lè má jẹ ẹ́, nítorí Enid á jókòó tì í, á máa wò ó lẹ́nu bí ìgbà tó ń wo ọmọ ilé-ìwé tí kò mọ ìsọdipúpọ̀. Ní ọjọ́ tí eyín rẹ̀ kan mì, ọ̀rọ̀ kan já bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Enid, kí ló kàn ẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí gan-an? Wọn kì í ṣe èèyàn rẹ. Kò sí ẹ̀jẹ̀ Oxtoby lára rẹ, ì báà ṣe ẹ̀kán kan."

Hilary ló wa ọkọ̀ gbé Enid wá lọ́jọ́ náà. Ife tíì dúró lójú ọ̀nà ẹnu rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ti sọ ọ́ sí Enid lójú bẹ́ẹ̀ rí, Neville pàápàá wò bí ẹni tó fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà mì padà. Enid mú ọ̀bẹ, ó gé kéèkì, ó gbé e sínú àwo Neville.

"Ẹ̀jẹ̀, tìẹ ni, Neville," ló wí. "Máa tọ́jú rẹ̀. Lẹ́tà ni mo wá gbà."

Neville gun òkè àjà lọ, ó sì gbé àpótí náà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú eruku.

"Gbà! Kó o sì gbé kéèkì rẹ dání!"

Nínú ọkọ̀, Enid gbé àpótí náà lé itan. Ó fi apá méjèèjì gbá a mọ́ra. Hilary ń yíjú wò ó.

"Máa wakọ̀ lọ," ni Enid wí. "Ojú títì ni kó o máa wò, má wo èmi."

Ọ̀pọ̀ oṣù ni kò fi yọjú sẹ́nikẹ́ni. Neville rò pé òun ti bọ́. Àṣé Jabez lobìnrin yìí gbé dání. Septimus, nínú ìwé rẹ̀, kì í kọ ohunkóhun ju ojú ọjọ́ àti ohun ìní rẹ̀ lọ, gbogbo ẹbí ló ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ tí Jabez jáde nílé, ohun tó kọ ni: "Yìnyín láti àárọ̀, ojú ò ríran. Jabez yá fìtílà mi." Láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo ìgbà ló ń kùn: Jabez kò dá fìtílà òun padà, fìtílà dáadáa, èyí tí òun fi okùn bàbà so ọwọ́ rẹ̀. Enid ka èyí, ó gbé ìwé sílẹ̀. Ta ló ń sá fún ìyàwó tó ń yá fìtílà nínú yìnyín?

Ni ó bá tú àpótí Neville. Lẹ́tà kan wà níbẹ̀ láti Hagdale, abúlé ẹ̀yìn òkè, wọ́n kọ ọ́ lóròó, wọ́n tún kọ ọ́ ní ìbú. Èyí tó wà lóròó, fìlà obìnrin àti ikọ́ ọmọ ló kún inú rẹ̀. Ó dájú pé ojú dun ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí, kò ka ìbú rẹ̀ rí. Enid yí ìwé náà, jẹ́jẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ibẹ̀ ló ti bá a pé nígbà tí yìnyín yọ́, wọ́n rí òkú ọkùnrin kan nínú kòtò tí wọ́n ti ń wa ẹfun, ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ọ́n, fìtílà wà lọ́wọ́ rẹ̀, okùn bàbà ni wọ́n fi so ọwọ́ fìtílà náà. Enid lọ sí Hagdale, ó wo ìwé ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì wọn: "Ọkùnrin kan tí a kò mọ̀." Ó béèrè ẹni tó ń gbẹ̀bí fún gbogbo agbègbè náà láyé ìgbà yẹn. Hagdale ni agbẹ̀bí náà ń gbé, ìsàlẹ̀ kòtò ẹfun gan-an.

Ọjọ́ Ìsinmi ló gbé e wá bá Neville, òun àti Hilary, pẹ̀lú kéèkì. Ó tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, ó ń fi ìka tọ́ka sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Neville gbọ́ ọ dópin.

"Agbẹ̀bí ló ń lọ pè?"

"Agbẹ̀bí ló ń lọ pè. Kò sí ohun mìíràn lọ́nà ibẹ̀."

"Kò sálọ."

"Kò sálọ, Neville. Ó ń sáré ni."

Omi ń bọ́ lójú baba arúgbó náà sínú àwo. Ó mú kéèkì tó wà níwájú rẹ̀, ó jẹ ẹ́ tán, ó tún gé òmíràn.

"Kò dùn," ló wí nígbà tó yá.

"Kò dùn rí," ni Enid dáhùn.

Neville kò sọ pé ó ṣeun. Àwọn ará Skelthorpe kì í sọ ọ́. Kò sì sọ ohun kankan nípa ibojì. Enid ò béèrè, Sátidé dé, ó tún lọ tu koríko.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àìsàn dá a gúnlẹ̀. Dókítà sọ fún un pé kó gbé ìwé sílẹ̀, kó sinmi, kó múra ọkàn rẹ̀ sílẹ̀. Enid wò ó tìyanu tìyanu. "Mi ò lè kú báyìí, Dókítà. Keziah ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún ni." Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ pé orí rẹ̀ ti ń dàrú, Hilary ló ṣàlàyé fún un lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọ̀sẹ̀ náà ò parí tó fi lọ, wẹ́rẹ́, awò tí í sọ kékeré di ńlá ṣì wà lórí àyà rẹ̀.

Ìgbà náà ni àyà Hilary wá já. Fíkà bi í léèrè pé níbo ni wọn ó sin ín sí. Fíkà fúnra rẹ̀ ò lè ṣe nǹkan kan, àfi tí Neville bá yọ̀ǹda. Hilary rí Enid lọ́kàn rẹ̀ lẹ́bàá títì mọ́tò, láàárín àwọn tí kò mọ orúkọ wọn, ó sunkún. Ó wá ṣọkàn gírí, ó lọ bá Neville nínú abà ọ̀dùnkún rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà."

Neville ń ṣa ọ̀dùnkún, kò gbójú sókè. "Wọ́n ní Enid ti lọ."

"Ó ti lọ, sà. Mo wá nítorí ibi tí a máa..."

"Ọmọ kékeré ni mí nígbà tí bàbá mi fi àyè yẹn hàn mí," ni Neville wí. "Ó ní, 'Neville, ibí ni tìẹ.' Mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀."

Hilary dorí kodò. "Ó yé mi, sà."

"Kò tíì yé ẹ. Jẹ́ n parí ọ̀rọ̀." Ó ju ọ̀dùnkún ọwọ́ rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀. "Mo lọ síbẹ̀ lánàá. Mo dúró, mo ka gbogbo orúkọ ara òkúta yẹn. Hilary, mi ò mọ ẹyọ ẹnì kan nínú wọn. Bí wọ́n bá gbé mi wọ ibẹ̀ lọ́la, tí Keziah ní, 'Ta ni ẹ́, kí lo wá ṣe?', kí ni mo fẹ́ sọ? Enid ló mọ̀ wọ́n. Ó mọ ẹni tó ń hanrun. Ó mọ ẹni tí kì í jẹ àlùbọ́sà. Ó mọ ẹni tó sunkún nígbà tí ẹṣin wọn kú. Òun ni ará ilé níbẹ̀. Èmi ni àlejò. Gbé e lọ bá àwọn èèyàn rẹ̀."

Hilary fọwọ́ nu ojú. "Ẹ̀yin náà ńkọ́, sà? Níbo lẹ máa wà?"

"Mo ti rí àlùfáà Hagdale. Àyè wà níbẹ̀." Neville tún tẹ̀ sórí ọ̀dùnkún rẹ̀. "Jabez ti dá wà pẹ́ jù."

Gbogbo abúlé ló wá sin Enid, àwọn tó kọ́ ní ìṣirò jókòó tààrà nínú ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni pé ó ṣì ń wò wọ́n. Nígbà tí wọ́n ń sọ pósí náà sínú ibojì ìdílé Oxtoby, jẹ́jẹ́ pẹ̀lú okùn, Wilf alápatà ò lè pa á mọ́ra.

"Keziah dáràn," ló wí. "Ẹni tó fẹ́ bi í léèrè ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀."

Ẹ̀rín bú jáde létí ibojì. Fíkà fi ìwé àdúrà bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Hilary ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò mọ èwo ni kó nù. Neville rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Nígbà tí ẹ̀rín tán nínú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìrora eékún, ó bu iyẹ̀pẹ̀, ó dà á sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ti bá obìnrin yìí jà ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, orúkọ rẹ̀ lásán ló sì fi ń pè é.

"Ó dàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí.